Gìwan ruwa dà? Ẹja tí ìwọ̀ wa ń fà ní Kàìnjì ti yàtọ̀

Apẹja_Kúbwà

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo sì fẹ́ kí àwa tí a ń fi ìwọ̀ pẹja jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwa kan wà ní Àbújá tí a máa ń kó ọ̀pá ìwọ̀ sínú ọkọ̀, tí a ó forí lé Bùsà Tuntun nítorí adágún Kàìnjì. Ẹja kan ṣoṣo ló ń gbé wa rin ìrìn yẹn: gìwan ruwa. Orúkọ Hausa yìí ni gbogbo ará etí omi ń pè é, ìbáà ṣe Yorùbá, Núpé tàbí Kàmbàrí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹja ńlá ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ga, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìpẹ́ rẹ̀ ń dán, tí o bá sì tan iná sí i lóru, ojú rẹ̀ á máa tàn padà sí ọ. Òun ni gbogbo ojú máa ń wá lórí òṣùwọ̀n ní àjọ̀dún ẹja pípa Argungu, níbi tí ẹja tó gba ipò kìíní ní 2020 ti wọn kílò 78.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, bí okùn bá ti wúwo lójijì, ara ènìyàn á gbọ̀n, nítorí o mọ ohun tó ṣeé ṣe kó wà nísàlẹ̀. Ní báyìí, tsage eléyín ṣóńṣó ló ń gé okùn wa, ẹpìyà àti ọbọ̀kún ló ń kún agbada. Gìwan ruwa ṣì ń wá o, àmọ́ èyí tó ń wá kò gùn ju apá mi lọ láti ìgúnpá dé orí ìka. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń gbé wa sórí omi náà ń sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ló yí padà? Ṣé omi ni, ṣé àwọ̀n ni, àbí ẹja náà ti kó lọ síbòmíràn? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí omi, ẹ bá wa dá sí i.

Ọmọ_Ọ̀fà_Bùsà

Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ̀gbọ́n. Etí omi níbí ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ti Ọ̀fà wá bá iṣẹ́ dáàmù, kò sì padà lọ mọ́. Ẹja ni mo ń rà ní Màlálé tí mo ń kó ránṣẹ́ sí Ìlọrin àti Àbújá, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i.

Gìwan ruwa kò kó lọ síbì kankan. Ó wà. A kì í jẹ́ kó dàgbà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọ̀n fífà ṣe rí fún ẹni tí kò rí i rí. Láti inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń tú u sílẹ̀, wọ́n á fi yí apá kan omi ká, wọ́n á wá mú etí rẹ̀ méjèèjì wá sí èbúté. Àwọn ọkùnrin á tò lọ́tùn-ún, wọ́n á tò lósì, wọ́n á so okùn mọ́ ìbàdí, wọ́n á máa fi ẹ̀yìn rìn gòkè iyanrìn. Ibi tí ẹja ń wọ́ jọ sí ní àárín àwọ̀n yẹn, ojú rẹ̀ kéré débi pé ìka ọmọdé kò lè gbà á kọjá. Yọ̀yọ̀, ẹja wínníwínní yẹn, ni wọ́n ní àwọn ń wá, yọ̀yọ̀ náà ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ tú òkìtì yẹn wò. Ẹ ó bá gìwan ruwa tí kò gùn ju ìka lọ níbẹ̀, ara rẹ̀ ṣì ní àmì dúdú dúdú tí àgbà rẹ̀ kì í ní. Ẹ ó bá ọmọ ẹpìyà, ẹ ó bá ọmọ ọbọ̀kún. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ sórí iyanrìn láti sá gbẹ. Kò sí ẹni tó ń ṣà wọ́n padà sómi.

Etí omi tí kò jìn yẹn gan-an ni ọmọ gìwan ruwa ń gbé kí ó tó lágbára láti lọ sí ibú. Ẹni tó bá ń fa àwọ̀n níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ilé ọmọ ló ń fà. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti fi òfin de àwọ̀n fífà lórí adágún yìí. Àwọn kan gbọ́ràn nígbà náà. Àwọn kan kàn sọ ọ́ di iṣẹ́ òru ni.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Nyanya

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín o. Èmi kò mọ ìwọ̀, n kò mọ ọ̀pá, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí. Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà ní Nyanya, ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Agbọ̀n mi mọ ohun tí ẹ ń sọ yìí.

Gìwan ruwa kì í ṣe ẹja kíká láyé ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Gígé là ń gé e. Orí lọ́tọ̀, ìrù lọ́tọ̀, àárín á di ègé ègé, ègé kan á sì kún àwo. Tí orí rẹ̀ bá dé, kò ní sùn lọ́jà, ẹnìkan tó ní àlejò nílé á ti rà á. Àwọn tó ń yan án ní Yẹ́lwà á máa yí ègé náà lórí iná títí òróró rẹ̀ á fi máa kán sínú ẹyin iná, tí ẹ bá ṣí àpótí, òórùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí yín.

Ẹ wá wo ohun tó ń dé báyìí. Wọ́n ti ń ká gìwan ruwa! Wọ́n ń tẹ ìrù rẹ̀ wá sẹ́nu, wọ́n ń fi igi gún un pọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe ọmọ àrọ̀. Ẹja tó bá ṣeé ká báyẹn, ọmọ ni, egungun rẹ̀ kò tíì le. Oníbàárà mi kan bi mí pé ẹja wo lèyí, mo ní gìwan ruwa ni, ó ní irọ́ ni. N kò bá a jiyàn.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bẹ̀ yín o, ẹ má bá àwọn tó ń ra kékeré jà. Ìyá tó ní ọmọ mẹ́rin tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó ra ègé ńlá, kékeré yẹn ló ń fi sọbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà kọ́ nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde_Ẹja

Màmá, ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀rọ̀ kíká yẹn, n kò gbọ́ irú rẹ̀ nínú kíláàsì kankan, ó sì yé mi ju ọ̀pọ̀ tábìlì tí wọ́n fún wa kà lọ.

Iṣẹ́ ẹja ni mo kọ́ ní yunifásítì, mo sì ṣe ìkọ́ṣẹ́ mi ní Bùsà Tuntun. Mo fẹ́ kí a fà á sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ẹja inú adágún yìí ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní 1968 ni wọ́n dí Odò Ọya ní Kàìnjì. Láàárín oṣù díẹ̀, odò tó ń sáré lórí òkúta di omi tó tẹ́ rẹrẹ, ìwọ̀n ojú rẹ̀ tó bí 1,270 kìlómítà níbùú lóròó nígbà tó bá kún. Ìlú Bùsà àtijọ́ wọ abẹ́ omi, àwọn ènìyàn tó ju 40,000 lọ ló sì kó kúrò ní ilé bàbá wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn ṣẹlẹ̀ sí ẹja náà. Àwọn ẹja ẹlẹ́nu gígùn tí ń fi ẹnu wá kòkòrò ní ìsàlẹ̀ odò tó ń ṣàn, wọ́n wà lára àwọn tó pọ̀ jù kí dáàmù tó dé. Kò pẹ́ tí omi dúró tí wọ́n fi dín kù pátápátá. Faliya, ẹja pẹlẹbẹ tó ń jẹ ohun jíjẹrà, rí oúnjẹ rẹpẹtẹ lára igi àti koríko tó kú sábẹ́ omi, ó sì bí sí i débi pé ẹnu ya àwọn apẹja. Ní 1970, wọ́n ṣírò ẹja tí wọ́n kó ní adágún náà sí bí 28,000 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí yóò fi di 1978, kò ju bí 4,500 lọ mọ́. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ abẹ́ omi ti tán, faliya kò sì rí ilẹ̀ ìkún omi tó pọ̀ tó láti máa yé ẹyin sí.

Ta ló wá gba ilé? Àwọn tí omi dídúró kò ni lára ni: ẹpìyà, gìwan ruwa, tsage, àti yọ̀yọ̀ tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ ní ojú ibú. Yọ̀yọ̀ ni oúnjẹ gìwan ruwa. Nítorí náà gìwan ruwa tí à ń ṣàfẹ́rí yìí, dáàmù náà ló ran ọlá rẹ̀ lọ́wọ́.

Láàárín 1993 sí 2001, ìjọba Nàìjíríà àti ti Jámánì jọ ṣe iṣẹ́ kan lórí ẹja adágún náà pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ìwádìí tó wà níbẹ̀, NIFFR. Láàárín àwọn ọdún yẹn, àpapọ̀ ẹja tí wọ́n ń kó tún ròkè kọjá 30,000 tọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà yẹn nìkan á ní ara omi ti yá. Ṣùgbọ́n yọ̀yọ̀ kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Àpapọ̀ ìwọ̀n lè máa ga kí ẹja ńlá sì máa tán lọ, nítorí òṣùwọ̀n kò mọ ọmọ yàtọ̀ sí àgbà. Ìdí nìyí tí mo fi gba ohun tí ọmọ Ọ̀fà sọ.

Bàbá_Mínà

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ wa. Ẹ ti sọ̀rọ̀ àwọ̀n, ó dára. Ẹ má gbàgbé omi fúnra rẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ nídìí dáàmù títí mo fi fẹ̀yìntì.

Omi méjì ló ń wọ Kàìnjì lọ́dún. Èyí tó kọ́kọ́ ń dé lẹ́yìn òjò, bí oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, omi funfun là ń pè é. Láti apá Sókótó àti agbègbè wa níbí ló ti ń wá, ó kún fún ẹrẹ̀, ènìyàn kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ìkejì ni omi dúdú. Láti òkè Guinea ni òjò rẹ̀ ti rọ̀, ó á gba Mali kọjá, ilẹ̀ ẹrẹ̀ ibẹ̀ á fà á sẹ́yìn fún oṣù mélòó kan, kò ní dé ọ̀dọ̀ wa títí ọyẹ́ fi máa bẹ̀rẹ̀. Omi yẹn mọ́ kedere. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá gìwan ruwa, ojú ló fi ń ṣọdẹ, kì í ṣe imú bí àrọ̀. Tí ẹ bá wá nígbà omi funfun tí ẹ kò rí i, ó lè wà ní ẹ̀gbẹ́ yín kí ó má rí ìdẹ yín.

Lẹ́yìn náà ni ti iná mànàmáná. Láti bí oṣù kejì tàbí ìkẹta ni omi á ti máa fà sẹ́yìn bí a ti ń lò ó yí ẹ̀rọ, ó sì lè wálẹ̀ tó 10 mítà kí òjò tó dé. Ilẹ̀ tó tóbi gan-an á yọ síta. Àwọn àgbẹ̀ á gbin nǹkan sí i, àwọn Fúlàní á kó màlúù wá jẹ koríko burugú tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo kọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí nínú koríko á gbẹ. Ẹja kékeré á wá kó jọ sínú omi tó ṣẹ́kù, ibẹ̀ gan-an sì ni aláwọ̀n ń dúró dè é. Omi àti àwọ̀n ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti pa á ni. Ẹ kò lè dá omi dúró, nítorí gbogbo wa là ń fẹ́ iná. Àwọ̀n nìkan ni ọwọ́ lè tó.

Ọmọ_Jẹ́bà

Ẹ kúulé o. N kò fẹ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ṣé a tiẹ̀ nílò gìwan ruwa yìí? Mo kà nípa adágún Victoria ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ní wọ́n sọ gìwan ruwa sínú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, nígbà tó sì máa fi di àwọn ọdún 1980, ó ti jẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà ẹja kéékèèké tí kò sí níbòmíràn láyé run. Tí ó bá ń dín kù lọ́dọ̀ wa, ṣé kì í ṣe ìtura ni fún ẹpìyà àti ọbọ̀kún? Ẹpìyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde_Ẹja

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni ti Victoria, ọ̀ràn ńlá ni. Ṣùgbọ́n àlejò ni gìwan ruwa níbẹ̀. Ènìyàn ló gbé e wọ inú omi tí àwọn ẹja rẹ̀ kò tíì rí irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ rí. Ní Odò Ọya, onílé ni. Òun, ẹpìyà, ọbọ̀kún àti tsage ti jọ wà láti ayébáyé, ẹja kọ̀ọ̀kan ti mọ bí ó ṣe ń sá fún un, bí ó ṣe ń bí sí i tó láti dí àyè àwọn tó jẹ. Láti ìgbà tí dáàmù ti dé náà, wọ́n ṣì jọ wà.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹja ńlá bá tán. Apẹja tó ń wá gìwan ruwa kò ní jókòó sílé. Ó máa din ojú àwọ̀n rẹ̀ kù láti wá ẹpìyà. Tí ẹpìyà ńlá bá tán, ó máa tún un dín kù. Ìtura tí ẹ ń rò fún ẹpìyà, kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti la ikùn gìwan ruwa tí ìwọ̀n rẹ̀ tó kílò 3 létí omi rí: yọ̀yọ̀ ló kún un, ó tò sínú ikùn rẹ̀ ní oríṣiríṣi ipele, àwọn kan ṣì ń dán, àwọn kan ti di egungun tín-ín-rín. Ẹpìyà kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀.

Ọmọ_Jẹ́bà

Mo gbọ́ ti onílé àti àlejò, ó sì yé mi. Ti ẹpìyà ni n kò tíì gbà tán. Níhìn-ín ní adágún Jẹ́bà, àwọn apẹja wa sọ pé níbi tí gìwan ruwa bá pọ̀ sí, ẹpìyà kì í jáde kúrò nínú koríko. N ó máa wò ó.

Onílé_Jábì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwa tí a kò ráyè lọ Bùsà ńkọ́, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà agbègbè Bọ̀rgú kò fi ọkàn ẹni balẹ̀? Adágún Jábì wà láàárín ìlú níbí. Ẹpìyà àti àrọ̀ là ń rí. Èrò mi ni pé kí a dá owó jọ, kí ọmọ Ọ̀fà bá wa kó ọmọ gìwan ruwa láti Màlálé sínú ike ńlá pẹ̀lú ẹ̀rọ atẹ́gùn, kí a dà wọ́n sínú Jábì tàbí dáàmù Usuma. Láàárín ọdún díẹ̀, a ó ti máa fa ẹja ńlá nílé. Ẹ̀yin náà ti sọ pé orí iyanrìn ni wọ́n ń kú sí lásán.

Ẹ̀gbọ́n_Lúgbè

Àbúrò, má ṣe é o. Mo bẹ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní North Carolina ní Amẹ́ríkà, apẹja oníwọ̀ ni òun náà. Adágún kan wà nítòsí wọn tó ń jẹ́ Lake Norman. Ẹja tí wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni bass ẹlẹ́nu ńlá, gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe fẹ́ràn gìwan ruwa. Àwọn apẹja kan ló fi ọwọ́ ara wọn gbé irú mìíràn, Alabama bass, wá láti ibi tó ti wá, wọ́n ní ó máa dùn ún fà. Ẹja àlejò náà bí sí i, ó ń bá ẹlẹ́nu ńlá du oúnjẹ, ẹlẹ́nu ńlá sì dín kù gan-an. Ó tún ń gun àwọn bass mìíràn, wọ́n ń bí àdàlù ọmọ tí kò ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́. Àwọn aláṣẹ ẹja níbẹ̀ ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹja láti omi kan sí òmíràn mọ́, ṣùgbọ́n ẹja tó ti wọ inú omi kò ṣeé kó jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó gbé e wá kò ní ìkà lọ́kàn. Ohun tí ìwọ ń rò yìí gan-an ló rò.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde_Ẹja

Mo fara mọ́ ọ. Jábì kéré, àti pé gìwan ruwa kò fara da omi tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó. Àrọ̀ lè yọ imú síta mí, òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí omi bá gbóná tí ìdọ̀tí ìlú bá sì wọ inú rẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ léfòó. Usuma sì ni omi tí Àbújá ń mu, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa da nǹkan sínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn Jábì, àrọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ẹja yẹ̀yẹ́. Ẹ fi ìdẹ aràn sílẹ̀ lálẹ́ kí ẹ wò ó.

Onílé_Jábì

Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n. Mo ti jáwọ́ nínú rẹ̀.

Apẹja_Kúbwà

Inú mi dùn sí gbogbo yín. Ohun tí mo ń gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹja náà wà, ọmọ rẹ̀ ni à ń kó tán. Mo wá fẹ́ béèrè nípa àwa oníwọ̀. A kò ní àwọ̀n, ṣùgbọ́n a kò mọ́ pátápátá. Èyí tó gùn bí apá mi yẹn, púpọ̀ nínú wa ń mú un lọ sílé. Báwo ni ẹja yìí ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó kí ó tó bímọ lẹ́ẹ̀kan péré?

Akẹ́kọ̀ọ́jáde_Ẹja

Ó gbọ́dọ̀ kọjá bí ìdajì mítà kí akọ tó tó bímọ, abo sì máa ń tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Èyí tó gùn bí apá yín láti ìgúnpá, ọmọdé ni, ẹ̀gbọ́n. Ti àgbà abo tún wà níbẹ̀: abo tó tóbi gan-an ni ẹyin rẹ̀ pọ̀ jù lọ, ẹyin náà sì lè tó mílíọ̀nù. Tí ó bá jẹ́ tèmi ni, ẹ tú kékeré sílẹ̀, ẹ tú ìyá àgbà pàápàá sílẹ̀, kí ẹ mú èyí tó wà láàárín jẹ.

Ẹ má fà á sókè kíákíá láti ibú. Àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, ikùn rẹ̀ á le, tí ẹ bá sì dá a padà, ojú omi ni yóò máa léfòó sí títí ẹyẹ á fi wá. Ẹ tẹ ṣóńṣó kékeré tó kọ ẹ̀yìn lára ìwọ̀ yín pa, kí ìwọ̀ lè yọ láìya ẹnu. Ẹ rẹ ọwọ́ sómi kí ẹ tó dì í mú, kí ẹ má ki ìka bọ ihò tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀fà_Bùsà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn apẹja níbí, kí a má dá wọn lẹ́bi tán. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ gbèsè. Ẹni tó ra àwọ̀n àti ẹ́ńjìnnì fún wọn ló ń gba ẹja wọn, iye tó bá fẹ́ ló ń dá lé e. Ẹni tó jẹ gbèsè kò lè sọ pé òun fẹ́ dúró kí ẹja dàgbà. Àwọn kan wà ní abúlé kan lọ́nà Shagunu tí wọ́n dá ara wọn lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní kò sí àwọ̀n fífà ní etí omi tiwọn, ẹni tó bá fà á, wọ́n á gba àwọ̀n rẹ̀. Olórí apẹja ni gbogbo wọn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, àwọn ọmọ ibẹ̀ ló sì ń ṣọ́ ọ. Ẹja tí mo ń rà lọ́wọ́ wọn tóbi ju ti ibòmíràn lọ. Mo ń fi owó díẹ̀ lé e fún wọn nítorí ẹ̀, mo sì rí i pé àwọn ará kejì ti ń béèrè ìdí rẹ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Nyanya

Ọmọ Ọ̀fà, Ọlọ́run á bù sí i fún ọ. Nígbà tí o bá ní ẹja àwọn ará abúlé yẹn, pè mí. Màá gba ègé ńlá lọ́wọ́ rẹ, màá sì sọ fún oníbàárà mi ibi tó ti wá. Àwọn olówó ilé oúnjẹ ní Wuse àti Garki kò ní rí i pọ́n lójú láti fi nǹkan kún owó. Àwọn tí kò ní, mo ṣì ní yọ̀yọ̀ gbígbẹ àti ẹpìyà fún wọn, ẹpìyà tó tó ẹpìyà. Ọmọ gìwan ruwa kíká, mo ti sọ fún àwọn tó ń kó ọjà wá fún mi pé kí wọ́n má gbé e wá bá mi mọ́. Wọ́n ń bínú, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń gbé èyí tó kù wá.

Apẹja_Kúbwà

Màmá, ẹ ṣeun, a dúpẹ́ púpọ̀.

Èmi àti àwọn tí a jọ ń lọ ti fẹnu kò láàárọ̀ yìí. Láti ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, gìwan ruwa tí kò bá tó 70 sẹ̀ǹtímítà, omi ni yóò padà sí, ìbáà jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn nínú agbada. Ẹja kọ̀ọ̀kan tí a bá fà, yálà a tú u sílẹ̀ tàbí a mú un, a ó wọn gígùn rẹ̀, a ó sì kọ ọ́ síbí pẹ̀lú oṣù àti irú omi tó wà nígbà náà, dúdú tàbí funfun. Ẹni tó bá ń lọ sí Jẹ́bà tàbí Ṣírórò kí ó bá wa ṣe tiwọn. Ọmọ Jẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wọn ẹpìyà yín náà, kí a lè mọ̀ bóyá ohun tí àwọn apẹja yín ń sọ nípa koríko yẹn rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Jẹ́bà

Mo ti gbà, ẹ̀gbọ́n. Ṣé láti ẹnu dé ibi tí ìrù ti pín sí méjì ni ká wọn ọ́n, àbí dé òpin ìrù?

Akẹ́kọ̀ọ́jáde_Ẹja

Láti orí ẹnu tó wà ní pípadé dé òpin ìrù pátápátá. Ìrù gìwan ruwa rí róbótó, kò pín sí méjì, ti ẹpìyà náà kò pín. Ti tsage ló pín, àmọ́ ẹ lo òpin rẹ̀ fún gbogbo wọn kí nọ́ńbà wa lè bá ara mu. Ẹ fi ọ̀dà dúdú sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yín ní ìwọ̀n 70 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ kàn máa gbé ẹja lé e, kí ó má pẹ́ lókè omi.